Àwọn Obìnrin Ogun Dàhòmì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yàn Wọ́n àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Wọn Lógun

Ìtàn kan wà tí ọmọ Ẹ̀gbá kì í dàgbà kó má tíì gbọ́, ìtàn ọjọ́ tí ogun Dàhòmì dé ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta tí kò rí ìlú wọ̀. Ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 1851 ni. Ọba Ghezo kó àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fojú díwọ̀n sí 16,000 wá. Nínú wọn, nǹkan bí 6,000 jẹ́ obìnrin. Àwọn Ẹ̀gbá kò kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n rí àwọn jagunjagun tó ń sáré bọ̀ lábẹ́ ọta ìbọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ fi ẹsẹ̀ gun odi, tí ẹni iwájú bá ṣubú tí ẹni ẹ̀yìn á gba orí rẹ̀ kọjá. Ìgbà tí wọ́n tú aṣọ lára ọ̀kan tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n tó rí i pé obìnrin ni. Ariwo ta lórí odi. Ó ká àwọn ọkùnrin Ẹ̀gbá lára pé obìnrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlú mọ́ àwọn lọ́wọ́, wọ́n sì fi ìbínú náà lé ogun padà sẹ́yìn.

Ibi tí a sábà máa ń bá ìtàn náà dé nìyẹn. A ṣẹ́gun, a dúpẹ́, ó tán. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó kú sí ìdí odi lọ́jọ́ yẹn ní ìtàn tiwọn, ìtàn náà sì kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ta ló yàn wọ́n? Kí ni wọ́n fi kọ́ wọn tí ẹ̀rù ikú fi kúrò lójú wọn? Èmi gbà pé ìgboyà kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ ẹ̀yà kan tàbí mọ́ ọkùnrin nìkan. Ẹ̀kọ́ ni. Ìjọba tó bá mọ bí a ti ń kọ́ ọ lè mú ọmọ ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ tó jí gbé lóko bàbá rẹ̀, kó sọ ọ́ di idà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń yin ìgboyà ní láti bèèrè iṣẹ́ tí wọ́n fi ìgboyà náà rán.

Ìjọba tí ogun ń bọ́

Àwọn Fọ̀n ló ni ìjọba Dàhòmì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Abomey ni olú ìlú wọn, lókè ilẹ̀, ó jìnnà sí òkun. Ní ọdún 1724, Ọba Agaja ṣẹ́gun Allada. Ní 1727 ó gba Ouidah tó wà létí òkun, ọ̀nà òwò ẹrú sì ṣí sílẹ̀ fún un tààrà sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ènìyàn lọ sí Bràsíìlì àti àwọn erékùṣù Karibíánì. Láti ìgbà náà lọ, ogun ni oúnjẹ ìlú. Ọdọọdún ni ọba ń jáde lọ kó ènìyàn, tó ń tà wọ́n gba ìbọn àti ẹ̀tù, tó sì ń fi ìbọn náà lọ kó òmíràn wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kóni náà ní ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ gbógun ti Dàhòmì léraléra, nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 1730, Dàhòmì gbà láti máa sin Ọ̀yọ́. Ìsìn náà lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kí Ghezo tó já a. Ìjọba kékeré tí àwọn ọ̀tá tó pọ̀ jù ú lọ yí ká, tí ọkùnrin rẹ̀ ń kú lójú ogun lọ́dọọdún, kò lè máa wo obìnrin lójú pé kó jókòó sídìí ààrò. Nínú àìtó ènìyàn yìí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ti rí ìdí pàtàkì tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin fi wáyé.

Orísun ẹgbẹ́ náà ju ọ̀kan lọ. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ àwọn ọdẹ obìnrin tó ń pa erin, tí wọ́n ń pè ní gbeto, ló ṣáájú. Àwọn mìíràn ní Hangbe ló dá a sílẹ̀, obìnrin tó jẹ́ ìbejì Ọba Akaba, tó sì jọba fún ìgbà díẹ̀ kí Agaja tó gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1718. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àkọsílẹ̀ àwọn ọba, ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ ní Abomey kò jẹ́ kí orúkọ náà parun. Ohun tí a rí kọ dájú ni ti 1729: oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ William Snelgrave kọ ọ́ pé Agaja fún àwọn obìnrin ní ohun ìjà, ó yan olórí fún wọn, ó fún wọn ní àsíá, ìlù àti agboorùn, ó sì tò wọ́n sẹ́yìn ogun kí ó lè dà bíi pé ènìyàn rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀tá rí èrò, wọ́n sá.

Ghezo ló sọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀tàn yìí di iṣẹ́ gidi. Ọdún 1818 ló gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Adandozan, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú ará Bràsíìlì kan, Francisco Félix de Souza. Ọba tó gba ìtẹ́ báyẹn nílò ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ìdílé mìíràn tó lè dalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó sọ àwọn obìnrin ààfin tó ń gbé ìbọn di ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ní ẹ̀ka, ipò, aṣọ àti òfin. Agojie ni orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí jù lónìí. Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó dé Abomey ní 1849 àti 1850, fojú díwọ̀n iye wọn sí nǹkan bí 5,000.

Bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọmọbìnrin ń gbà dé àárín wọn.

Èkínní ni ti àwọn ọmọ onílùú. Ìjòyè ọba á dé, bàbá tó bá ní ọmọbìnrin á mú un jáde fún àyẹ̀wò. Ọmọ tí ara rẹ̀ le, tó ga, tí ojú rẹ̀ kò wálẹ̀ nígbà tí ìjòyè bá wò ó, òun ni wọ́n ń mú. Àwọn kan kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 8 lọ. Bàbá kò lè ní òun kò fún ọba lọ́mọ.

Èkejì ni ti àwọn tí ilé lé jáde. Ọkọ tí agbára rẹ̀ kò ká ìyàwó, tàbí bàbá tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ràn, lè mú ẹjọ́ lọ sí ààfin pé kí ọba gbà á. Agídí tí kò jẹ́ kí ilé rí i lò ni ọba ń wá. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló yọ̀ǹda ara wọn, nítorí pé nínú ayé obìnrin Dàhòmì nígbà náà, kò sí iṣẹ́ mìíràn tó lè fún obìnrin ní irú ọrọ̀ àti ọlá yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tí ogun kó. Èyí ló kàn wá. Nígbà tí Dàhòmì bá kó ìlú kan, wọ́n á ṣa àwọn ènìyàn: àwọn kan á lọ sí etí òkun, àwọn kan á lọ sí oko ọba, wọ́n á sì pa àwọn mìíràn níbi ọdún ìrántí àwọn baba ọba. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin kan ń wọ ààfin, wọ́n á bá àwọn ọmọ ogun gbé, wọ́n á kọ́ èdè Fọ̀n, wọ́n á gbàgbé orin ìlú wọn. Ọ̀pọ̀ ìlú tí Dàhòmì ń kó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ ìlú Yorùbá: ìlú Ẹ̀gbádò, ìlú Kétu, ìlú Sábẹ̀ẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Ẹ̀gbá ń yìnbọn sí àwọn tó ń gun odi ní 1851, kò sí ẹni tó lè búra pé kò sí ọmọ Yorùbá nínú wọn.

Inú ààfin

Ẹni tí wọ́n bá ti yàn ti di ìyàwó ọba ní orúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò bá ọba sùn rí. Wọn kò gbọdọ̀ ní ọkọ mìíràn, wọn kò gbọdọ̀ bímọ. Ikú lè jẹ́ ẹ̀san fún obìnrin tó bá rú òfin yìí àti ọkùnrin tó bá a rú u. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ọkùnrin kankan kì í kù nínú ààfin àyàfi ọba àti àwọn ìwẹ̀fà. Nígbà tí wọ́n bá ń jáde, ọmọbìnrin kan ló ń ṣáájú wọn tó ń lu agogo. Ọkùnrin tó bá gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ yà kúrò lọ́nà kó sì kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tí òfin gbà lọ́wọ́ wọn pọ̀, ohun tó fún wọn náà kò kéré. Wọ́n ń jẹun ọba, wọ́n ń mu ọtí, wọ́n ń fa tábà, wọ́n ní ẹrú tó ń gbọnmi tó sì ń dáná fún wọn. Ẹni tó bá mú ènìyàn lójú ogun tàbí tó gé orí ọ̀tá ń gba owó ẹyọ. Gbogbo oyè ogun tí ọkùnrin ń jẹ ni obìnrin kan ń jẹ irú rẹ̀: bí balógun apá ọ̀tún bá wà níta, balógun obìnrin apá ọ̀tún wà nínú ààfin. Nígbà ìpàdé ọdọọdún, wọ́n ń dìde sọ̀rọ̀ níwájú ọba. Forbes wà níbẹ̀ ní 1850 nígbà tí wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń búra pé Abẹ́òkúta ni kí ọba rán àwọn sí, àwọn á gbà á tàbí kí àwọn kú síbẹ̀.

Ẹ̀ka wọn pín sí márùn-ún pàtàkì. Àwọn gbeto ni ọdẹ erin. Àwọn oníbọn ló pọ̀ jù. Àwọn olófà ni ọmọdé inú wọn, tó jẹ́ pé nígbà tó yá, ẹrù àti òkú ni wọ́n ń bá wọn gbé lójú ogun. Àwọn oníbọn ńlá ń mú ìbọn tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò dání. Ẹ̀ka tó kù ni àwọn alábẹ, tó ń gbé abẹ ńlá kan tó ń pa dé sínú èèkù bí abẹ ìfárí, tí ojú irin rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Wọ́n ń wọ bùbá aláìlápá àti ṣòkòtò tó dé orúnkún, wọ́n sì ń dé fìlà funfun tí wọ́n rán àwòrán ọ̀nì sí.

Ní ti àwọn ọdẹ erin, oníṣègùn Faransé kan, Repin, tó dé Abomey ní 1856, kọ nípa ogún wọn tó kọjú sí agbo erin tó tó 40. Wọ́n pa mẹ́ta, ṣùgbọ́n erin fi eyín gún àwọn kan nínú wọn, ó sì tẹ àwọn mìíràn mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ara

Yorùbá ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin yìí kò wo ẹnu àáké rárá. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń ja ìjàkadì, wọ́n ń jó ijó ogun tí kì í jẹ́ kí èémí já. Wọ́n ń kọ́ bí a ti ń ki ìbọn títí ọwọ́ wọn fi yá ju ti ọkùnrin lọ. Àwọn òyìnbó tó wò wọ́n kíyè sí i pé wọ́n ń gbé ìbọn lé èjìká kí wọ́n tó yìn ín, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin Dàhòmì ń yìn ín láti ìbàdí, tí ọta sì ń lọ síbi tó bá wù ú. Wọ́n tún ń lé wọn lọ sínú igbó fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn títí dé mẹ́sàn-án, pẹ̀lú oúnjẹ tí kò tó nǹkan, kí wọ́n lè mọ bí a ti ń fi ebi sùn kí a sì jí jà.

Ìdánwò tó gbajúmọ̀ jù ni ti odi ẹ̀gún. Fadá Francesco Borghero, àlùfáà Àgùdà ará Ítálì tó dé Ouidah ní 1861, lọ sí Abomey ní ìparí ọdún náà. Ọba Glele, ọmọ Ghezo, ní kó wá wo àwọn ọmọ ogun òun. Ní pápá ńlá kan, wọ́n ti kó ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún jọ di odi tó gùn tó 400 mítà. Ẹ̀gún ọ̀hún gùn tó ìka ọwọ́, ṣóńṣó rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn odi náà ni wọ́n kọ́ àwọn ilé kan sí tó dúró fún ìlú ọ̀tá.

Àwọn obìnrin náà dé pẹ̀lú ohun ìjà wọn, ẹsẹ̀ lásán. Wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ba, wọ́n ń rákò, wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọba fún wọn láṣẹ, wọ́n sáré kọlu ẹ̀gún náà bíi pé koríko ni. Wọ́n gun un dókè, wọ́n bá ọ̀tá tí kò sí níbẹ̀ jà, wọ́n ṣe bí ẹni tí wọ́n lé padà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tún gun ẹ̀gún kan náà lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n já sínú àwọn ilé náà, wọ́n sì wọ́ àwọn tí wọ́n fi ṣe ìgbèkùn wá síwájú ọba. Àwọn tó ṣe dáadáa jù gba ẹ̀bùn: ìgbànú tí wọ́n fi ẹ̀gún kan náà hun. Wọ́n gbà á, wọ́n sì so ó mọ́ ìbàdí lójú gbogbo ènìyàn, ẹnìkan kò fajú ro.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìgbànú yẹn díẹ̀. Ọba lè fún wọn ní aṣọ àrán, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó, wọ́n sì ń gba ìwọ̀nyẹn nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdánwò, ìrora ni wọ́n fi san ẹ̀san ìrora. Ẹni tó bá wọ ìgbànú náà ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ohun tó ń dun ọmọ aráyé kò lè dá òun dúró mọ́. Àwọn tó ń kọ́ wọn mọ̀ pé odi Abẹ́òkúta àti odi Kétu kò ní ẹ̀gún tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti mọ ẹ̀gún, amọ̀ lásán kò lè bà á lẹ́rù.

Títí di òní, àwọn ọmọ ogun àkànṣe káàkiri ayé ń kọjá nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pa wọ́n lébi nínú igbó, wọ́n ń di ẹrù wúwo rù wọ́n gun òkè, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Ohun tí wọ́n ń wá lára wọn kì í ṣe iṣan nìkan. Wọ́n ń wá ẹni tó máa tún dìde nígbà tí ara bá ti ní ó tó. Àwọn Fọ̀n ti mọ èyí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì ti mọ̀ pé obìnrin lè dìde bí ọkùnrin.

Ẹ̀kọ́ ọkàn

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti ọkàn, mi ò ní fi pamọ́. Ara tó lè gba ìrora kò tó. Ọba fẹ́ ọwọ́ tí kò ní gbọ̀n nígbà tó bá ń pànìyàn. Níbi ọdún ìrántí àwọn baba ọba, wọ́n ń gbé àwọn ìgbèkùn tí wọ́n dì sínú apẹ̀rẹ̀ gorí pèpéle gíga kan. Wọ́n á ní kí àwọn obìnrin tuntun gbé apẹ̀rẹ̀ náà lé orí, kí wọ́n sì jù ú sísàlẹ̀ fún àwọn èrò tó ń dúró.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1889, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé kan, Jean Bayol, wà ní Abomey nígbà tí wọ́n mú ọmọbìnrin kan jáde. Nanisca ni orúkọ tó kọ fún un, kò tíì pé ogún ọdún, kò sì tíì pànìyàn rí. Wọ́n gbé ìgbèkùn ọ̀dọ́ kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Ó rìn lọ bá a láìfòyà, ó di idà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ṣá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yege.

Ta ni ọmọ inú apẹ̀rẹ̀ náà? Bayol kò kọ orúkọ rẹ̀. Ó ní ìyá, ó ní ìlú. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè sọ ìtàn ìgboyà Nanisca láìsọ pé ara ọmọ ẹlòmíràn ló ti ṣe ìdánwò. Ibi tí àwọn tó ń kọ orin ìyìn fún Agojie ti máa ń yára kọjá nìyí, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ ká ti dúró.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà fojú wa rí

Ní 1848, ogun Dàhòmì kó Òkè-Ọdán ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Àìná wà nínú àwọn tí wọ́n kó. Ó pé ọdún méjì ní ìgbèkùn kí Ghezo tó fi í ta Forbes lọ́rẹ fún ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n sọ ọ́ ní ìlú òyìnbó, Ọbabìnrin Victoria sì gbọ́ bùkátà rẹ̀. Àwọn ọmọ Òkè-Ọdán yòókù kò rí Forbes.

Lẹ́yìn náà ni ti Abẹ́òkúta. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n: ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1851, John Beecroft, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, ti wá kìlọ̀ fún àwọn Ẹ̀gbá pé Ghezo ń bọ̀. Wọ́n tún odi ṣe, wọ́n ra ẹ̀tù. Ogun Dàhòmì kọ́kọ́ yà ní ìlú Ìṣàgá. Àwọn ará Ìṣàgá ṣe bí ọ̀rẹ́, wọ́n gba ọba níyànjú pé ọ̀sán ni kó jà, kó sì gba ìhà Àró wọlé. Ìhà ibẹ̀ gan-an ni àwọn Ẹ̀gbá ti tún ṣe jù. Àwọn obìnrin náà kọlu odi náà bí wọ́n ṣe máa ń kọlu ẹ̀gún ní Abomey, àwọn kan nínú wọn sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò lè gba ẹni tí wọ́n darí sí ọ̀nà tí kò dára. Wọ́n kú lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí Richard Burton dé ọ̀dọ̀ Glele ní 1863, nǹkan bí 2,500 ló kà, ó sì gbà pé Abẹ́òkúta ló gbẹ̀mí àwọn tó dára jù nínú wọn.

Dàhòmì kò gbàgbé. Ní 1862, Glele pa Ìṣàgá run nítorí ìmọ̀ràn yẹn. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 1864, ó tún dé ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta. Lọ́tẹ̀ yìí, Ẹfúnróyè Tinúbú ló ń pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun Ẹ̀gbá, iṣẹ́ yẹn ló sì fi gba oyè Ìyálóde Ẹ̀gbá. Àwọn obìnrin Dàhòmì tún gun odi, wọ́n tún kú. Ẹ wo bí ó ṣe rí: obìnrin ló ń gun odi, obìnrin ló ń fún àwọn tó wà lórí odi ní ẹ̀tù. Ọ̀kan ń jà fún ọba tó fẹ́ kó ìlú, èkejì fún ìlú tí kò fẹ́ di ẹrú.

Kétu kò rí irú orí ire bẹ́ẹ̀. Ní 1886, lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń jà á, Dàhòmì gbà á. Wọ́n sun ìlú tí ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà àti yàrà rẹ̀ ti dáàbò bò láti ayébáyé, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Abomey. Ìlú náà dahoro títí Dàhòmì fi ṣubú tí àwọn tó kù nínú ìgbèkùn fi padà wá tún un kọ́.

Òpin ẹgbẹ́ náà

Ẹni tó já ẹgbẹ́ yìí ni Faransé. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 1890, ogun Dàhòmì lábẹ́ Ọba Behanzin kọlu àwọn Faransé ní Kútọ̀nú. Àwọn obìnrin náà wà níwájú, wọ́n ń fi ọwọ́ fa igi ọgbà àwọn ọ̀tá tu kí wọ́n lè yìnbọn gba àárín rẹ̀. Nígbà tí ìjà parí, Bayol rí òkú Nanisca láàárín àwọn tó ṣubú. Oṣù mẹ́ta péré ló wà láàárín ìdánwò rẹ̀ àti ikú rẹ̀.

Ogun ńlá dé ní 1892. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Alfred Dodds, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà tó ń ṣiṣẹ́ ogun fún Faransé, gba etí odò Wẹ́mẹ̀ gòkè. Ìjà Dogba wáyé ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án. Lẹ́yìn rẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n ń jà léraléra, àwọn obìnrin sì ń wà níwájú. Ìbọn Faransé yára, ọta rẹ̀ sì ń lọ jìnnà. Ọ̀bẹ gígùn wà lẹ́nu ìbọn wọn tó ń kan ènìyàn kí abẹ Dàhòmì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú ìwé tí àwọn sójà Faransé kọ lẹ́yìn ogun, wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìgboyà àwọn obìnrin náà láìfọ̀rọ̀ pamọ́. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, Dodds wọ Abomey. Behanzin ti dáná sun ààfin. Ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 1894, wọ́n rán an lọ sí Martinique, ó sì kú sí Algiers ní 1906.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kú sójú ogun. Àwọn tó kù padà sí abúlé, àwọn kan lọ́kọ, àwọn kan kò lọ́kọ títí wọ́n fi kú. Ní 1978, òpìtàn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan bá arúgbó kan pàdé ní abúlé Kinta, tí ń jẹ́ Nawi, tó ní òun bá Faransé jà ní 1892. Ó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1979, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ohun tó yẹ ká mú níbẹ̀

Ní oṣù Keje ọdún 2022, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣí ère obìnrin ogun kan ní Kútọ̀nú, ère idẹ tó ga tó 30 mítà. Ní ọdún kan náà, fíìmù Amẹ́ríkà kan, The Woman King, gbé orúkọ Agojie dé ibi tí wọn kò ti gbọ́ ọ rí. Mo bá àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ yọ̀. Orílẹ̀-èdè tó bá ní irú obìnrin wọ̀nyẹn nínú ìtàn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbé wọn ga, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ìyá wọn kò sá fún ọta ìbọn. Ẹnikẹ́ni tó bá tún sọ pé iṣẹ́ ogun kò sí nínú ẹ̀dá obìnrin, kó lọ ka ohun tí àwọn ọ̀tá wọn kọ nípa wọn.

Ṣùgbọ́n kí a sọ ọ́ pé pérépéré. Ilé ẹ̀kọ́ ogun tí Ghezo dá sílẹ̀ wà lára àwọn tó lágbára jù ní Áfíríkà nígbà ayé rẹ̀, òwò ẹrú ló sì fi bọ́ ọ. Odi ẹ̀gún wà kí odi Òkè-Ọdán, odi Ìṣàgá àti odi Kétu lè wó. Ẹ̀kọ́ tó pé láìkù síbì kan lè sin iṣẹ́ tó burú, ìgboyà akẹ́kọ̀ọ́ kò sì lè wẹ iṣẹ́ náà mọ́. Ohun tó mú mi rántí èyí ni pé lóde òní náà, àwọn ọmọ ogun àkànṣe ni gbogbo ìjọba ń yangàn pẹ̀lú. A ń wo bí wọ́n ṣe ń sáré, bí wọ́n ṣe ń já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú, a sì ń pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ ará ìlú ni láti máa bèèrè ẹni tí wọ́n ń rán wọn sí àti ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹni tí a kọ́ pé kó má ṣe bèèrè kò ní lè bá wa bèèrè.

Tiwa nílẹ̀ Yorùbá ni pé kí a tún ìtàn 1851 sọ. Kí ọmọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé àwọn tí bàbá rẹ̀ ṣẹ́gun kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ, pé wọ́n gba ẹ̀kọ́ tí ọkùnrin púpọ̀ kò lè gbà. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò yan ayé náà fúnra wọn, pé àwọn kan nínú wọn lè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n jí gbé. Bí a bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì sọ ti Kétu àti Ìṣàgá ní Abomey láìbò ó, a ó lè bu ọlá fún ìgboyà àwọn obìnrin náà láìgbàgbé àwọn tí wọ́n fi ìgboyà náà kó lẹ́rú. Òtítọ́ méjèèjì ló tọ́ sí wọn.